Ìwé Àṣẹ Ibùdó Ìsinmi Ti Tẹ̀ Wá Lọ́wọ́

Bàbá Ṣìkẹ́mi,

Ẹ fọkàn balẹ̀, wọ́n ti fún ibùdó ìsinmi ọmọdé wa níwèé àṣẹ! Kò pẹ́ tí ẹ jáde láàárọ̀ yìí ni wolé-wolé dé. Gbogbo ẹ̀ ló tẹ́ ẹ lọ́rùn, àfi kànga tí kò ní ìdérí.

"Ọmọ ọlọ́mọ lẹ fẹ́ gbà síbí, ìyá," ló wí.

Ọ̀la sì làwọn ọmọ ń bọ̀. Mo ránṣẹ́ pe Rúfọ́ọ̀sì káfíńtà, ó tú ilẹ̀kùn yàrá yín, ó sì fi ṣe ìdérí kànga. Wolé-wolé tì í títí, kò mì, ló bá fọwọ́ síwèé.

Ẹ má bínú. Mo ti lọ ra ẹní táwọn ọmọ máa sùn lé lọ́jà Ìmùṣin. Yàrá mi ni kí ẹ máa sùn títí a ó fi kan ilẹ̀kùn mìíràn.

Màtílídà