Bátìrì Aago Bàbá

Dáramọ́lá,

Èmi àti Ufuoma aládùúgbò wa ti gbé Bàbá lọ sọ́sìbítù, àmọ́ má sáré wá. Kó wáyà rẹ kúrò ní pálọ̀, èrò ń bọ̀.

Kíṣìnì ni mo wà láàárọ̀, mò ń retí kí aago ìpeni tí o fi ẹ̀yà rédíò ṣe fún Bàbá nígbà tí ohùn wọn lọ dún, kí n gbé ẹ̀kọ wọlé. Kò dún. Mo rò pé wọ́n ṣì ń sùn ni. Nígbà tí mo wọlé, wọ́n ti tutù, àtàǹpàkò wọn ṣì wà lórí bọ́tìnì.

Inú róbọ́ọ̀tì onípáànù rẹ ni mo ti rí bátìrì aago náà. Nígbà tó ń rìn lánàá, Bàbá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Má wulẹ̀ dá bátìrì padà. Ta ló tún fẹ́ tẹ aago náà?

Josephine, ẹ̀gbọ́n rẹ