Kábúrétọ̀ Ńlá Tí Mo Yàn

Bàbá mi tí mo ń ṣàárò,

Mo mọ̀ pé Màámi lẹ máa kọ́kọ́ béèrè. Ara wọn le, orúnkún nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ṣì ń ránṣọ níwájú ilé. Ilé ìtẹ̀wé yín ní Ṣómólú ti di ti ẹlòmíì, ṣùgbọ́n àwọn tó wà níbẹ̀ ṣì máa ń kí mi bí mo bá ń kọjá. Tí òórùn íǹkì bá ti fẹ́ sí mi nímú, mo máa ń dúró díẹ̀. Mo máa ń rántí bí ẹ ṣe máa ń fẹ́ ẹnu sórí ìwé ìpè ìgbéyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lójú ẹ̀rọ, bíi pé tíì gbígbóná ni.

Ẹ̀yin lẹ mú mi lọ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ọ̀kadà nígbà tí gbogbo ẹbí fẹ́ kí n lọ kọ́ irun dídì. Ọdún tí mo ṣe fírídọ̀ọ̀mù náà ni ọ̀kadà gbá yín pa ní Bàrígà, níbi tí ẹ ti ń sọdá títì. Láti ọjọ́ náà, Màámi ò wá sí ṣọ́ọ̀bù mi mọ́. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n kàn kì í wá ni. Èmi náà ò sì lè fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, Bàbá. Bí ẹ́ńjìnì tó ti kú bá dáhùn lọ́wọ́ mi, inú mi máa ń dùn, ojú á sì tún máa tì mí pé inú mi dùn.

Ohun tó mú mi kọ̀wé rèé. Bọ̀ọ̀dá Láńre, oníbàárà mi kan tó máa ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sáré létí òkun, gbé báìkì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan wá, irú èyí tí wọ́n ṣe fún eré sísá lórí iyanrìn. Kúáàdì ni wọ́n ń pè é. Táyà mẹ́rin tó sanra, ìjókòó kan, ẹ́ńjìnì láàárín itan ẹni. Àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń fún un níná.

"Sísítà, mo fẹ́ kó máa fò ni o," ohun tó sọ fún mi nìyẹn.

Mo gbé ẹ́ńjìnì rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti fẹ ojú sílíńdà rẹ̀, mo fi písítìnì tó tóbi díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i, mo pààrọ̀ sàléńsà rẹ̀ kó lè mí dáadáa. Ó wá ku kábúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé kí wọ́n tó wọ inú ẹ́ńjìnì. Méjì ló kó wá, ó ní kí n yan ọ̀kan. Àkọ́kọ́ fi díẹ̀ tóbi ju èyí tó bá a wá. Èkejì tóbi gan-an, ara ẹ̀rọ ìdíje kan ni wọ́n ti tú u.

Mo mọ èyí tó yẹ. Lórí iyanrìn, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ lè fà láti ìsàlẹ̀, kó má rì. Kékeré ló máa ṣe é. Ńlá yẹn, ẹ́ńjìnì tí a ò tíì fẹ ojú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ò lè jẹ epo rẹ̀ tán. Á máa wúkọ́ nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́, ìgbà tí eré bá ti wọ̀ ọ́ lára tán ló máa ń jí, á sì jí lójijì. Mo mọ gbogbo èyí. Ńlá ni mo dè mọ́ ọn. Mo kàn fẹ́ gbọ́ igbe rẹ̀ ni.

Mo gbé e jáde lọ dán an wò lọ́jọ́ kan tí oòrùn ti ń rọlẹ̀, ní Fọlá Àgòrò. Kì í ṣe ẹ̀rọ títì, mo sì mọ ìyẹn náà. Mo tẹ̀ ẹ́, ó wúkọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ sí i. Àfi bó ṣe jí, tó fò síwájú bí ẹni tí wọ́n tì láti ẹ̀yìn. Ìgbà yẹn gan-an ni bàbá arúgbó kan ń sọdá lọ sí mọ́ṣáláṣí, búútà àlùwàlá lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fa bíréèkì, mo yí ọwọ́ ẹ̀rọ, táyà iwájú gun ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Mi ò kàn án. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á, ó ṣubú, búútà rẹ̀ yí lọ sáàárín títì, omi ń dà jáde.

Bàbá, ibi tó le jù láti sọ rèé. Ẹ́ńjìnì ò tíì kú. Kí n tó wo bàbá náà, títì ni mo kọ́kọ́ wò. Ó ṣófo níwájú mi. Àtàǹpàkò mi ṣì wà níbi iná, ó sì wù mí kí n tẹ̀ ẹ́, kí n máa lọ. Kò pẹ́, kò ju kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n ó wù mí.

Ẹni tó gbá yín sá lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi pé irú ọkàn wo ló wà láyà irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Mo ti rí i báyìí. Irú tèmi ni.

Bàbá arúgbó náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, níbi tó jókòó sí nílẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé o ò fara pa?"

Mo pa ẹ́ńjìnì, mo sáré lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Dìde ńlẹ̀. Ṣé àwọn òbí ẹ wà láyé?"

"Ìyá mi wà, sà."

"Ó dáa. Máa rọra, kí ìyá ẹ má bàa sunkún."

Èèyàn ti ń pé jọ, àwọn kan fẹ́ gbá mi létí. Òun ló lé wọn. Mo mú un lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n fọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó bó, mo sì sìn ín délé. Nígbà tí mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo tú kábúrétọ̀ ńlá náà kúrò, mo de kékeré.

Inú Bọ̀ọ̀dá Láńre ò dùn. "Kí ló dé? Ṣé kò wọlé ni?"

"Ó wọlé. Kékeré ló bá iyanrìn mu. Ó máa fà dáadáa."

"Èmi ò sọ pé kó máa fà, mo ní kó máa fò!"

Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó kẹ́dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó di kábúrétọ̀ ńlá náà sínú ọ̀rá, ó gbé e lọ. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti rí ẹlòmíì bá a dè é. Ṣé ó yẹ kí n gbé e pamọ́ fún un ni?

Láàárọ̀ òní, èmi àti Màámi jọ gbàdúrà bí a ti máa ń ṣe. Ojoojúmọ́ ni wọ́n máa ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹni tó gbá yín má rí ìsinmi, èmi ni mo sì máa ń ṣe Àmín, tagbáratagbára. Lónìí, ẹnu mi ò ṣí. Wọ́n dúró dè mí. Wọ́n tún un sọ, bóyá wọ́n rò pé mi ò gbọ́. Wọ́n wá la ojú.

"Kí ló ṣe ọ́?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí kan títì tó ṣófo. Wọn ò pariwo. Wọ́n mú ọwọ́ mi, wọ́n wo àtàǹpàkò mi fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì dìde lọ gbé omi kaná. Wọn ò parí àdúrà náà.

Bàbá, ṣé ẹ bínú sí mi pé mi ò ṣe Àmín? Mi ò tíì dárí ji ẹni tó gbá yín. Mi ò kàn lè sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n mọ́.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín, tó fẹ́ràn yín gidigidi.