Yunifásítì Méjì fún Kí-ló-dé

Èmi tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Oníbúrẹ́dì, opó Dókítà Búrẹ́dì, ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, tí lọ́yà mi sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú mi ríran, ọpọlọ mi pé, ẹnikẹ́ni kò sì fi tipátipá mú mi. Ibì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ ti rú mi lójú nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ hágún rẹ̀. Ẹ ó mọ ibẹ̀ nígbà tí ẹ bá débẹ̀.

1. Àkọ́bí mi obìnrin, tí í ṣe nọ́ọ̀sì, àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan, ni mo fi ṣe alámòójútó ìhágún yìí. Wọ́n gbọ́dọ̀ jọ buwọ́ lu ohun gbogbo ni. Mo mọ̀ pé wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jà nídìí tábìlì mi. Ìdí tí mo fi yan àwọn méjèèjì gan-an nìyẹn.

2. Ilé yìí, tòkè tilẹ̀, ti àwọn méjèèjì ni. Ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ tà á láìjẹ́ pé èkejì fọwọ́ sí i. Ààrò ńlá jẹ́ ti ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ mi, Gbóná-Gbóná. Ó mọ ìwà ààrò náà ju bó ṣe mọ ìwà ìyàwó rẹ̀ lọ.

3. Pẹ́pẹ́yẹ mi méjèèjì, kí ẹ kó wọn fún télọ̀ òdìkejì títì. Ojoojúmọ́ ló ń fi ẹjọ́ ariwo wọn sùn mí, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sọnù, òun ló kọ́kọ́ bọ́ sínú gọ́tà láti wá wọn.

4. Òṣùwọ̀n kékeré tí ọkọ mi fi ń wọn iyọ̀, ti nọ́ọ̀sì ni.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn apoògùn ni ọkọ mi wà nígbà èwe rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó parí ni ìjọba kéde pé àwọn kò fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀kọ́ ibẹ̀ mọ́. Ìwé tó fi ojú àìsùn kà di ìwé tí a ń fi wé búrẹ́dì. Ó wá bá mi pé kí n fún òun níṣẹ́ títí òun yóò fi rí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn. Kò lọ mọ́. Títí ó fi kú, bí ẹni ń wọn oògùn fún aláìsàn ló ṣe ń wọn iyọ̀. Tó bá sì ń kọjá níwájú ilé oògùn, ńṣe ló máa ń yára rìn bí ẹni tó jalè níbẹ̀. Ó máa ń dùn mí. Síbẹ̀, ká ní òǹtẹ̀ yẹn wà ni, ibo ni èmi ì bá ti rí i? Ṣé kí n bú àwọn tó fagi lé ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀hún ni, àbí kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn? Lọ́yà ní òun kò mọ èyí tí òun yóò kọ. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n.

5. Èrè tó bá ń wọlé láti ilé búrẹ́dì, ẹ̀kọ́ ọmọ-ọmọ mi ni kí ẹ kọ́kọ́ fi gbọ́. Ọmọ nọ́ọ̀sì ni. Kí-ló-dé ni a ń pè é, nítorí ìbéèrè rẹ̀ kì í tán. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ló fẹ́ kà, yunifásítì méjì ló sì gbà á. Èyí tí yóò lọ ni…

Kí lọ́yà ṣì dúró ná. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti di rúdurùdu.

Yunifásítì àkọ́kọ́ tóbi, orúkọ rẹ̀ dún. Ibẹ̀ ni ọmọ mi ọkùnrin ti jáde. Ìjọba fọwọ́ sí yunifásítì náà, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ ti kúrò lórí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà rẹ̀, àwọn alábẹ̀wò ìjọba kò sì tíì padà wá. Ó pẹ́ kí n tó lóye pé ilé lè ní àṣẹ kí yàrá kan nínú rẹ̀ má ní. Èkejì kéré, tuntun ni, òǹtẹ̀ tirẹ̀ sì wà níbẹ̀ digbí.

Nọ́ọ̀sì ní ṣé a fẹ́ kí ohun tó ṣe bàbá àwọn tún ṣe ọmọ òun ni. Àbúrò rẹ̀ ní, “Àǹtí, èmi ni mo ń gba èèyàn síṣẹ́. Mi ò béèrè òǹtẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ohun tí wọ́n bá lè ṣe lójú mi ni mo ń wò.” Nọ́ọ̀sì ní, “Tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ìjọba ńkọ́? Tó bá fẹ́ kàwé sí i nílẹ̀ òkèèrè ńkọ́?” Ọ̀rọ̀ di ariwo, oúnjẹ tutù, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ.

Mo fi iṣẹ́ mi wò ó. Nígbà tí àwọn wolé-wolé gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ mi nítorí táìlì tó fọ́, búrẹ́dì mi kò yí padà. Mo ní òǹtẹ̀ kò jẹ́ nǹkan kan. Kò pẹ́, wọ́n bá òkú eku nínú fúláwà onílé búrẹ́dì kejì tí kì í jẹ́ kí wọ́n wọlé. Mo ní òǹtẹ̀ ló jù.

Ni mo bá ní kí Kí-ló-dé mú mi lọ wo méjèèjì. Ní yunifásítì kékeré, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní kọ̀ǹpútà níwájú, gbogbo rẹ̀ ló sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n olùkọ́ wọn ń ka ohun tí ẹ̀rọ gbé sára ògiri fún wọn, ó sì ń yán. Ní yunifásítì ńlá, ìdajì àwọn ẹ̀rọ ti kú, àmọ́ obìnrin kan ń kọ́ni, àwọn ọmọ sì rọ̀ mọ́ fèrèsé láti gbọ́ ọ. Ó ń ṣàlàyé bí kọ̀ǹpútà ṣe ń wá orúkọ kan láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí a ti tò: á là á sí méjì, á da ìdajì nù, á tún là á. Èmi arúgbó tí mo jókòó lẹ́yìn lóye rẹ̀! Kí-ló-dé nawọ́, ó bi í ní ìbéèrè kan. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun yóò lọ rò ó wá.

Mo délé, mo ní kí lọ́yà kọ yunifásítì kékeré. Mo ní kó pa á rẹ́, kó kọ èyí ńlá. Mo tún ní kó dúró. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní, “Màmá, ìwé ìhágún kì í ṣe ibi tí a ti ń ronú o. Èyí tí a bá ti rò tán là ń kó síbẹ̀.”

6. Nítorí náà, kí Kí-ló-dé fúnra rẹ̀ yàn. Bí ibi tó yàn bá bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kí ẹ rán an lọ síbòmíràn, kó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún un pé, “Ṣé mo sọ fún ọ!” ti pàdánù ìpín tirẹ̀ nínú ilé yìí.

Mo pe gbogbo wọn wá gbọ́ abala kẹfà. Kí-ló-dé ní yunifásítì ńlá ni òun ń lọ. Ó ní òun ti béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń fi òǹtẹ̀ sí i. Wọ́n ní àwọn yóò padà ṣàbẹ̀wò, ṣùgbọ́n àwọn kò lè ṣèlérí. Ó ní òun gbọ́, òun ń lọ bẹ́ẹ̀.

Mo ń retí kí nọ́ọ̀sì bú sẹ́kún. Ọmọ mi ọkùnrin ló dìde, ojú rẹ̀ ti yí padà: “Tí wọn ò bá wá fi òǹtẹ̀ sí i ńkọ́? Ọmọ wa ni o, kì í ṣe ẹni tó wá wáṣẹ́ lọ́dọ̀ mi!” Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó jókòó, pé ọmọ òun ti bi àwọn tó yẹ ní ìbéèrè, ohun tí bàbá àwọn kò rí ẹnikẹ́ni bi. Wọ́n ti pààrọ̀ ìjókòó mọ́ mi lójú.

Mo ń gbọ́ wọn nísàlẹ̀ báyìí. Wọ́n tún ń jà, ẹnu wọn kò sinmi. Èwo nínú wọn ló jàre, n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ó sì dùn létí mi. Ẹ gbé bírò fún mi.

Ìbuwọ́lù: Ìyá Oníbúrẹ́dì
Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án

Àwọn tó wà níbẹ̀ tí mo fi buwọ́ lù ú:
Onífọ́tò ẹ̀gbẹ́ ilé
Tíṣà-Ò-Gbàgbé, tó ti fẹ̀yìn tì