Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Gbọdọ̀ Dúró Kí Ènìyàn

Ọmọ mi, Dókítà Afẹ́fẹ́,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ara ń gbà á, ṣé o ń jẹun yó kí o tó gun kẹ̀kẹ́ jáde? Kí Ọlọ́run tó dá ooru tó sì dá ìbòòji jẹ́ kí ìbòòji pọ̀ ju ooru lọ fún ọ ní gbogbo ọ̀nà tí o bá gbà. Tí o bá béèrè wa, a wà. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí o má gbàgbé agboòrùn. Mo ní báwo lèèyàn ṣe fẹ́ di agboòrùn mú lórí kẹ̀kẹ́, ó ní ẹni tó lè wọn ooru afẹ́fẹ́ kò lè ṣàì rí ọgbọ́n ta sí i.

Àlejò tí o fi rán awakọ̀ sí wa dé láyọ̀. Àlejò ni mo ń pe òṣùwọ̀n ooru yẹn, nítorí ìlú ńlá ló ti wá, kò sì tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí di òní, nọ́ńbà nìkan ló ń gbé sójú. Mo ka ìwé rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. O ní kí n so ó mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kí n máa gùn ún láti ẹnu ọ̀nà wa dé orí afárá lójoojúmọ́ ní aago méjì ọ̀sán, fún oṣù kan gbáko, kí n sì kọ ohun tó bá sọ sínú fọ́ọ̀mù, kí ẹ lè mọ ibi tí ooru ti ń mú èèyàn jù àti ibi tó yẹ ká gbin igi sí. Ọmọ mi, orí mi wú. Èmi rò pé ara èèyàn nìkan ni nọ́ọ̀sì ń wọn ibà rẹ̀, àṣé afẹ́fẹ́ náà máa ń ṣe ibà, ọmọ tèmi ló sì ń tọ́jú rẹ̀! Ìgbà tí ẹ bá rí oògùn rẹ̀, ẹ fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí ìdí ilé ìlagi, nítorí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń ṣàìsàn gan-an.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. O ò ní kí n kọ́lé fún àlejò, ṣùgbọ́n bí oòrùn ṣe ń pa á lórí kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣé kí ó wá sọ́dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà bíi tèmi kí ó wá sun ìta ni? Mo fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ilé kékeré fún un, mo kùn ún ní funfun, mo fi àlàfo sára ògiri rẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Láti ìgbà náà nọ́ńbà rẹ̀ ti wálẹ̀ díẹ̀, mo gbà pé inú rẹ̀ dùn ni. Tó bá jẹ́ àṣìṣe ni mo ṣe, má bínú.

Fọ́ọ̀mù yẹn náà tẹ́ mi lọ́rùn, ó mọ ìwà. Ó béèrè pé ojú sánmà ńkọ́, mo kọ ọ́ pé ó wà, a dúpẹ́. Ó béèrè bóyá ohunkóhun ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, mo kọ ọ́ pé ewúrẹ́ télọ̀ bí méjì. Nítorí pé mi ò lè máa gun kẹ̀kẹ́ kí n tún máa kọ̀wé, ńṣe ni mo ń pariwo nọ́ńbà náà títí màá fi délé, kí n má baà gbàgbé. Onígbàjámọ̀ wá béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ pé kí ni mo ń tà tó jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nídìí ilé ìlagi tó sì di mọ́kànlélọ́gbọ̀n lábẹ́ igi, ó ní abẹ́ igi ni òun á ti ra tòun.

Ohun tó wú mi lórí jù lára àlejò yìí ni pé kì í ṣojúsàájú. Bí mo bá sáré, atẹ́gùn á fẹ́ sí mi láyà, ara á tù mí pẹ̀sẹ̀, màá wá bi í pé ṣé òun náà rí i pé ó ti tutù. Nọ́ńbà rẹ̀ ò ní yẹ̀. Atẹ́gùn tó rí èmi tàn jẹ kò rí i tàn. Ìwọ náà rí bẹ́ẹ̀ láti kékeré, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀rù rẹ díẹ̀.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé wa ká. O fa ìlà pupa sábẹ́ ibi tí o ti ní kí n má dúró lójú ọ̀nà rárá, pé bí kẹ̀kẹ́ bá dúró, ooru ilẹ̀ àti ooru ara mi á kó wọnú òṣùwọ̀n náà, iṣẹ́ rẹ á sì bàjẹ́. O sì mọ̀ pé iwájú ilé ẹ̀gbọ́n mi ni ọ̀nà náà gbà, pé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń jókòó sí lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kìíní mo kọjá lára wọn, mo kàn juwọ́. Àbúrò tó ń juwọ́ sí ẹ̀gbọ́n! Lọ́jọ́ kejì ojú tì mí, mo sọ̀ kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo béèrè orúnkún wọn, kí n tó dìde, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ti di mẹ́rìndínlógójì. Mo rò pé ìbínú ẹ̀gbọ́n mi ni àlejò rí. Mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé èyí jẹ́ ti ìkíni, kí ẹ má kà á. Láti ọjọ́ kẹta mi ò dúró mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi bínú gidi. Wọ́n ní ọmọ mi ló kàwé, èmi ni ìwé ń gùn. Ìyá rẹ ní òun á máa fẹsẹ̀ rìn ṣáájú mi, kí òun máa kí gbogbo ojúlé lórúkọ mi kí n tó kọjá. Télọ̀ gbà bẹ́ẹ̀, onígbàjámọ̀ gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ní ìkíni kì í ṣe ẹrù tí à ń dì fún ìyàwó rù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọn ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ẹni tó tọ́ mi nígbà tí bàbá wa kú, ẹni tó kọ́ mi bí a ṣe ń di ayùn mú! Ó dùn mí, ọmọ mi. Mo sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù, mo ní eruku pákó ló kó sí mi lójú. Bí mo bá dúró, iṣẹ́ rẹ bàjẹ́, bí mi ò bá dúró, mo pàdánù ẹ̀gbọ́n mi. Iwájú ò ṣe é lọ, ẹ̀yìn ò ṣe é padà sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejìlá, mo fẹsẹ̀ rìn lọ bá wọn. Wọn ò ṣílẹ̀kùn. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ka ìwé rẹ sókè láti orí ìkíni títí dé ibi tí ìlà pupa wà. Mo kà á tán, mo padà sílé. Nígbà tí aago méjì lù tí mo gùn débẹ̀, àga wọn ṣófo. Àfi bí mo ṣe gbójú sókè tí mo rí bàbá arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá rìn lọ lójú títì níwájú mi, nínú oòrùn yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ni! Wọ́n ní ìwọ sọ pé kẹ̀kẹ́ ò gbọdọ̀ dúró, o ò sọ pé àwọn ò gbọdọ̀ rìn. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ló ń sáré tẹ̀lé kẹ̀kẹ́, mo ń kí wọn, wọ́n ń dáhùn, wọ́n béèrè ìyá rẹ, wọ́n béèrè rẹ, kẹ̀kẹ́ ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ nítorí mi ò lè yára, títí a fi kọjá ojúlé mẹ́rin. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni wọ́n bá wa, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi wá sílẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí. Mi ò rí irú wọn rí.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún tíúbù ẹ̀yìn, nítorí èyí tó wà níbẹ̀ ti di àlẹ̀mọ́ lórí àlẹ̀mọ́. Kí o sì bá wa ra bàtà gidi fún ẹ̀gbọ́n mi, títì ti jẹ sálúbàtà wọn tán. Mo ti ya ẹsẹ̀ wọn sẹ́yìn ìwé yìí kí o lè mọ ìwọ̀n. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́, nítorí náà mo ní láti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wọn kí n tó lè fi pẹ́ńsù yí ẹsẹ̀ náà po. Mo yí i tán, mo fẹ́ dìde, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi léjìká, wọ́n ní kí n rọra, pé ìkíni ọjọ́ mẹ́sàn-án tí mo jẹ àwọn ni àwọn ń gbà yẹn. Mo bá tún un yí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìdí nìyẹn tí ìlà náà fi jẹ́ méjì, ìlà ti inú ni kí o rà.

Kí Ọlọ́run má ṣe gbé ọ gba ọ̀nà tí o ti máa kíni tí ẹnikẹ́ni kò ní dá ọ lóhùn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.