Télọ̀ Tó Ṣe Fírídọ̀mù Lẹ́ẹ̀mejì: Ìgbésí Ayé Olóògbé Múrítàdá Ọláṣùpọ̀ Àlàó (1958–2025)

Ìpérin ní Ìlá-Ọ̀ràngún ni wọ́n bí Bàbá wa, Múrítàdá Ọláṣùpọ̀ Àlàó, sí ní ọdún 1958. Alfa Àsíìsì Àlàó, àgbẹ̀ olóbì tí oko rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ọ̀rà, ni bàbá tó bí wọn. Àmínátù, tó ń ta epo pupa, ni ìyá wọn. Ọmọ méjì ló dúró fún Ìyá Àmínátù: Alhaji Ìbráhímù tó jẹ́ àkọ́bí, àti Bàbá tó jẹ́ àbígbẹ̀yìn. Ọmọ ìyá ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò bára tan rárá. Bí ẹnìkan bá tẹ Alhaji lẹ́sẹ̀ lọ́jà, ìjà dé nìyẹn. Ní ti Bàbá, bí wọ́n bá gbá wọn létí, wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè ohun tí àwọn ṣe. Alhaji wà láàyè, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i pé kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Bàbá ka ìwé mẹ́fà, wọ́n sì kéwú dé ìwọ̀n tí agbára gbé e. Ní ọdún 1972, wọ́n fi wọ́n sẹ́nu iṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Oyèlẹ́yẹ. Ọdún 1978 ni wọ́n ṣe fírídọ̀mù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ṣẹ́ mọ bó ṣe ń rí: ọmọ iṣẹ́ á kúnlẹ̀, ọ̀gá á gbé àlùmọ́gàjí lé orí aṣọ funfun, á ṣàdúrà sí i, á sì fi lé e lọ́wọ́ níṣojú gbogbo ẹgbẹ́. Ẹni tí wọn kò bá tíì fi lé lọ́wọ́ báyìí, kódà kó mọ aṣọ rán ju ọ̀gá rẹ̀ lọ, ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún 1984, Bàbá fẹ́ Fáòsíátù, ọmọ Òkè-Ìlá, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Ní ọdún 1996, àìsàn ọpọlọ dé. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn àwọn tí kò sí lọ́dọ̀ wọn. Oorun dá lójú wọn. Wọ́n á dìde nídìí máṣìn-ín, wọ́n á sì máa rìn lọ sójú ọ̀nà Òkè-Ìlá, wọ́n á ní wọ́n ń pe àwọn. Àwọn ará àdúgbò ní wèrè ti dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ wọn sá. Láàrin àkókò yẹn náà ni wọ́n sọ nínú rédíò pé alárùn ọpọlọ kan níbòmíràn ṣá ìyá rẹ̀ ládàá. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Alhaji lára. Wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de Bàbá mọ́ yàrá ẹ̀yìn, wọ́n kó àlùmọ́gàjí àti abẹ fẹ́lẹ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ tì mọ́ inú àpótí. Ohun tí Alhaji sọ fún ẹbí ni pé, "Àbúrò mi ni. Mi ò fẹ́ kó pààyàn, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n pa á." Ìfẹ́ ló ṣe é, ẹ̀rù ló fi ọ̀nà hàn án.

Ilé ìwòsàn ìjọba ni wọ́n gbé Bàbá lọ ní ọdún 1998. Oògùn bá wọn lára mu, wọ́n padà wálé, wọ́n ń sùn, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń kírun. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ wọn, àmọ́ àlùmọ́gàjí wà nínú àpótí síbẹ̀. Ẹni tí Bàbá kọ́ níṣẹ́ ló ń bá wọn gé aṣọ, àwọn á wá rán an. Bí oníbàárà bá gbé àdìrẹ tàbí léèsì dé, á bèèrè ẹni tó máa gé e; tó bá gbọ́ èsì, á ká aṣọ rẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Ìyá Fáòsíátù, aya wọn, sọ fún wa pé ní gbogbo ìgbà tí Bàbá wà nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀, àwọn kò rí omijé wọn. Ọ̀rọ̀ àlùmọ́gàjí yìí ló pa wọ́n lẹ́kún. Ó dùn wọ́n gan-an.

Ní ọdún 1999, Nọ́ọ̀sì Bernice Adéwùmí, tó ń tọ́jú Bàbá nílé ìwòsàn, wá bẹ ilé wò. Ó bá gbogbo ẹbí níjòkòó, ó sì gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ó wá bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí àìsàn yìí tó dé, ta ni Bàbá lù rí?" Kò sẹ́ni tó rí orúkọ dá. "Ṣé wọ́n ń mutí àbí wọ́n ń fagbó?" Rárá. "Ṣé wọ́n máa ń di èèyàn sínú? Ta ló máa ń tètè bínú nílé yìí?" Ojú gbogbo èèyàn yí sí ọ̀dọ̀ Alhaji. Ẹ̀rín bú, Alhaji náà rẹ́rìn-ín, ó pẹ́ tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín nínú ilé yẹn.

Nọ́ọ̀sì kò fọ̀rọ̀ pamọ́ fún wọn. Ó ní, "Àwọn kan wà tí mo máa ń sọ fún ẹbí wọn pé kí wọ́n ṣọ́ra. Ẹni tó ti ń lu ìyàwó kí ara rẹ̀ tó dà rú, tó ń fagbó, tó tún sá fún oògùn, ẹ̀rù onítọ̀hún ń ba èmi náà. Ẹ̀gbọ́n Ìbráhímù, àbúrò yín kì í ṣe irú wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gba abẹ́rẹ́ wọn déédéé, kẹ́ ẹ sì dá iṣẹ́ wọn padà fún wọn."

Alhaji ṣí àpótí lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbé àlùmọ́gàjí ka orí tábìlì, wọ́n ní kí Bàbá mú un. Bàbá kò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo Ìlá ló mọ̀ pé ẹ gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ má fún mi ní kọ̀rọ̀."

Bí Bàbá ṣe di télọ̀ kan ṣoṣo tí a mọ̀ ní Ìlá tó ṣe fírídọ̀mù lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Alhaji fúnra wọn ló lọ pe ẹgbẹ́ télọ̀ jọ. Ọ̀gá Oyèlẹ́yẹ ti darúgbó, ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé wọn wá. Bàbá kúnlẹ̀ pẹ̀lú ewú lórí, ọ̀gá ṣàdúrà, wọ́n fi àlùmọ́gàjí lé wọn lọ́wọ́. Àṣà ẹgbẹ́ ni pé ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ gé aṣọ kan lójú ẹsẹ̀. Bàbá ní bùbá Alhaji làwọn máa gé. Alhaji dìde. Nígbà tí Bàbá fi téèpù yí wọn lọ́rùn, tí àlùmọ́gàjí wà lọ́wọ́ kejì, gbogbo èrò tẹjú mọ́ ọwọ́ wọn. Alhaji kò mira. Bàbá wọ̀n wọ́n tán, wọ́n tẹ́ aṣọ, wọ́n gé e gbọnrangandan, ariwo ayọ̀ sọ.

Kì í ṣe pé àìsàn náà kò padà mọ́. Ó padà ní ọdún 2007 àti 2016, nígbà tí oògùn wọ́n. Bàbá mọ̀ ọ́n kó tó dé tán. Àwọn fúnra wọn ló gbé àlùmọ́gàjí fún Ìyá Fáòsíátù pé kí wọ́n bá àwọn tọ́jú rẹ̀ títí oorun yóò fi padà sójú àwọn.

Láti Ọ̀rà àti Òkè-Ìlá ni wọ́n ti ń mú àwọn tó ní irú àìsàn yìí wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá. Ìbéèrè Nọ́ọ̀sì ni Bàbá máa ń bi ẹbí wọn. Kàdíjátù tó dé pẹ̀lú àpá okùn lọ́wọ́ ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Ọ̀rà báyìí. Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé oníjà tó ń fagbó ni kó tó ṣàìsàn. Bàbá kò lé e, wọn kò sì tan ara wọn: bọ́tìnnì ni wọ́n ní kó máa rán, wọn kò fi àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́, títí ó fi jáwọ́ nínú igbó, tó sì ń gba abẹ́rẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n ń lé e kiri. Ó wà láàrin wa lónìí, aṣọ tí òun fúnra rẹ̀ gé ló wà lọ́rùn rẹ̀.

Bàbá jẹ́ ìpè Ọlọ́run ní oṣù tó kọjá lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. Wọ́n fi aya sílẹ̀, Ìyá Fáòsíátù; ẹ̀gbọ́n, Alhaji Ìbráhímù; àwọn ọmọ, Tẹ́júọlá, Mojísọ́lá àti Sùlàímọ̀n; àwọn ọmọ ọmọ, àti àwọn ọmọ iṣẹ́ tí kò lóǹkà.

Kí wọ́n tó kírun sí wọn lára, Àáfà bèèrè bí ìṣe àwa Mùsùlùmí pé kí ẹnikẹ́ni tí olóògbé bá fìyà jẹ rí, tàbí tí wọ́n gbé ọwọ́ lù, jáde kí a lè bẹ̀ ẹ́. Àáfà bèèrè, ó tún bèèrè. Kò sẹ́ni tó jáde.

Ọláṣùpọ̀ ọmọ Àmínátù, ọwọ́ rẹ mọ́. Kí Ọlọ́run tẹ́ ọ sí àlùjánnà onídẹ̀ra. Sùn re o.