Nọ́ọ̀sì Inú Ilé Yìnyín

                                        Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
                                        Ojú Ọ̀nà Èbúté.
                                        Ìparí oṣù kẹfà.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi tí mo fẹ́ràn,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá Ìbejì ńkọ́? Àwọn ìbejì náà ńkọ́, ṣé wọ́n ti yéé jà lórí ibi tí kálukú máa sùn sí? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ lọ́jọ́sí, ṣé ó ti fúyẹ́? Mo ní kí n kọ́kọ́ kí ọ dáadáa, nítorí iṣẹ́ ni mo fẹ́ rán ọ, iṣẹ́ náà sì gba ẹnu dídákẹ́.

O mọ bí oògùn apàrora ṣe di bárakú fún àbúrò mi ọkùnrin látìgbà tí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi tó gbé ti ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú rẹ̀ ní erékùṣù wa níbí, òdì kejì omi lọ́dọ̀ yín ló wà. Ó gbìyànjú láti máa lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa wọ ọkọ̀ ní èbúté tí wọn kò ní bi í pé kí ló ń lọ ṣe. Ojú tì í, ó jáwọ́. Lọ́jọ́ tí a bá a nílẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì rẹ̀, tí kò mí dáadáa mọ́, mo rò pé ó ti tán ni. Ìyá wa kò tíì sùn àsùnwọra látìgbà náà.

Ìwà rere àbúrò mi ló wá kọ́kọ́ fu mí lára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi láàárọ̀. Ó bá mi pọ́n sísọ́ọ̀sì mi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Ó ń jẹun, ó tún ń fọ abọ́. Ìyá wa ń dúpẹ́, èmi ń ṣọ́ ọ. Àgbà ọkùnrin wo ló ń fọ abọ́ láìní nǹkan tó ń wá?

Lẹ́yìn náà ni mo rí i tó ń gbé yìnyín wálé. Mẹkáníìkì tí kò ní àwọ̀n, tí kò ní ẹja, kí ló fẹ́ fi yìnyín ṣe? Fèrèsé mi kọjú sí ilé yìnyín tí àwọn apẹja ti ń ra yìnyín, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn tó ń wọ ibẹ̀. Mo rí káfíńtà. Mo rí tíṣà. Mo rí ọkọ aládùúgbò wa, ẹni tí kò mọ ẹja mìíràn yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ọbẹ̀. Gbogbo wọn ń gbé yìnyín jáde. Obìnrin ẹlẹ́ja tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi tiẹ̀ ti ń bínú, ó ní àwọn kan ń pa ẹja rẹpẹtẹ, wọ́n ń fi pamọ́ fún òun.

Àlejò obìnrin kan sì wà nínú ilé yìnyín ọ̀hún. Kúlà ẹja ló máa ń gbé sọ̀kalẹ̀ látinú ọkọ̀, ṣùgbọ́n èékánná rẹ̀ mọ́ jù, kò sì sí òórùn ẹja lára rẹ̀. Ó tún máa ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn. Mo ní ẹni tó ń ta oògùn burúkú fún wọn nìyí. Mo mú sísọ́ọ̀sì mi dání, mo wọlé tọ̀ ọ́.

Àbúrò mi ni mo bá lórí àga tó la ẹnu sílẹ̀, tí obìnrin náà ń fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ ahọ́n rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni. Abẹ́ ahọ́n ni wọ́n ń fi oògùn ìtọ́jú tó ń gbà wọ́n lọ́wọ́ bárakú sí, ó sì gbọ́dọ̀ yọ́ tán lójú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà fi pamọ́ lọ tà. Ó ní gbọ̀ngàn ìlú lòun ti kọ́kọ́ jókòó, ẹnì kan ò yọjú, torí gbogbo ayé ló máa mọ ohun tó gbé wọn wá. Ó ní kò sí ẹni tó ń bi ẹni tó gbé yìnyín ní ìbéèrè. Kò tíì mọ̀ mí nígbà yẹn.

Mo da ìbéèrè bò ó títí ó fi làágùn nínú ilé yìnyín. Ta ló rán an? Kí ló dé tí kò wọ aṣọ iṣẹ́? Tí ìjì bá ń jà tí ọkọ̀ kò lè wá ńkọ́? Ó ní ohun tó ń ba òun lẹ́rù jù nìyẹn. Tí ìtọ́jú náà bá já, wọ́n lè padà sídìí ti tẹ́lẹ̀, ó sì lè pa wọ́n. Ó ní òun ń wá ará ibí kan tí òun máa kọ́ níṣẹ́ náà, tí kọ́kọ́rọ́ àpótí oògùn máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí àbúrò mi fi nàka sí mi. Ó ní òun lè fi ẹkún tan ìyá wa, òun lè fi ẹ̀rín tan nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n òun ò tíì rí ohun tí òun máa fi tan ẹ̀gbọ́n òun. Káfíńtà tó ń dúró de tirẹ̀ ní òótọ́ ni. Ìyá Ìbejì, n kò mọ̀ bóyá kí n bínú ni tàbí kí n dúpẹ́.

Ó ti kọ́ mi níṣẹ́ náà, kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún sì ti wà lọ́rùn mi báyìí. Ìjì ti ń jà láti àná, ọkọ̀ kankan kò dé. Láàárọ̀ yìí, gbogbo wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, kálukú pẹ̀lú aṣọ tó ní òun fẹ́ tún rán. Ṣòkòtò tí àbúrò mi gbé wá kò ya rárá. Nígbà tí oògùn rẹ̀ yọ́ tán, mo wo abẹ́ ahọ́n rẹ̀, mo wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, n kò rí nǹkan kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún un wò." Kò bínú.

Nítorí náà, tí omi bá rọlẹ̀ tí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, jọ̀wọ́ yà sí ilé ìwòsàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà yín, níbi tí nọ́ọ̀sì náà ní wọ́n ti rán òun wá, kí o bi wọ́n bóyá wọ́n mọ nọ́ọ̀sì kan tó ga, tó ń rẹ́rìn-ín ṣáá. Má sọ pé èmi ni mo rán ọ. Tí wọ́n bá ní àwọn mọ̀ ọ́n, bi ẹlòmíràn. Má jẹ́ kó pẹ́, nítorí mo ti ń gba àbúrò mi gbọ́, ẹ̀rù ń bà mí.

Bá mi kí Bàbá Ìbejì, kí o sì fa lẹ́tà yìí ya kó tó bá ọ kà á. Ìyá wa ń kí yín. Ó sùn lánàá.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ tẹ́lẹ̀ àfi ìwọ,

Aránṣọ