Imú Mi Ò Gbọ́ Òórùn Ọbẹ̀ Mọ́

                                                            Ilé Ìdáná Ọlọ́bẹ̀,
                                                            Ilé Kẹrìnlá, Òpópónà Alágbẹ̀dẹ.
                                                            Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹfà.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Gbogbo ilé ńkọ́? Àwọn ìbejì wa ńkọ́, ṣé wọ́n ti jáwọ́ nínú ìjà bàtà? Baálé rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fún un nísinmi díẹ̀? Mo mọ̀ pé o ti ń bínú sí mi. Gbogbo ìgbà tí o pè tí mi ò gbé e, má rò pé torí mo di òǹkọ̀wé ni mo ṣe ń gbéra ga. Mò ń sá ni. Bí o bá gbọ́ ohùn mi, wàá mọ̀ pé nǹkan ń ṣe mí.

Ara mi le, àmọ́ imú mi ti kú. Má rẹ́rìn-ín o. Ọ̀fìnkìn tó mú gbogbo wa nílé nígbà òjò ló fà á. Ti àwọn yòókù lọ, tèmi náà lọ, ṣùgbọ́n ó gbé òórùn lọ. Mo gbé atalẹ̀ símú, kò sí nǹkan kan. Mo gé àlùbọ́sà, omi ń dà lójú mi, imú ò mọ̀ pé àlùbọ́sà wà nílé. Bí mo bá jẹun, iyọ̀ àti ata nìkan ni ahọ́n mi ń mọ̀. Ìyókù dà bí ìgbà téèyàn ń jẹ páálí. Dókítà ní ó lè padà, ó sì lè má padà, kí n ṣáà ní sùúrù. Ó rọrùn fún un láti sọ. Imú kọ́ lòun fi ń jẹun.

Ìwọ lo mọ ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ lo bá mi fọ àwọn ìgò àkọ́kọ́, nígbà tí wọ́n dá mi dúró ní ọ́fíìsì, tí mo ní ọbẹ̀ tòmátì ni n ó máa sè sínú ìgò tà, tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń bi mí pé ta ló máa ra ọbẹ̀ nígbà tí iná ń bẹ nílé ẹ̀. Láti yàrá ẹ̀yìn yẹn la ti dé ilé ìdáná gidi, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń dé fìlà funfun, tí ìgò wa wà nínú ìsọ̀ káàkiri. Kò sí ìkòkò kan tó jáde rí láìjẹ́ pé mo gbé imú lé e. Ohun tí mo kọ sínú ìwé ọbẹ̀ sísè mi náà nìyẹn, pé kí alásè gbẹ́kẹ̀ lé imú rẹ̀ ju aago lọ. Ìwé ọ̀hún ti wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn báyìí o, Ìyá Ìbejì.

Bàbá àwọn ọmọ nìkan ni mo sọ fún. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí àwọn òṣìṣẹ́ bá gbọ́, ọkàn wọn ò ní balẹ̀; bí oníbàárà bá gbọ́, ó parí. Mo bá ń díbọ́n. Màá ṣí ìdérí, màá fa èémí símú, màá mi orí, bí adití tó ń gbé ẹsẹ̀ sí orin. Ìyá Ṣíbí, àgbà alásè wa, tí a ń pè bẹ́ẹ̀ torí pé ṣíbí kì í kúrò lápò rẹ̀, á kàn máa wò mí.

Ó wá di ọjọ́ tí ilé ìtàwé ńlá kan pè mí pé kí n wá se ọbẹ̀ kan nínú ìwé náà lójú àwọn èèyàn. Ọkàn mi ò balẹ̀, mo tètè dé ilé ìdáná láàárọ̀ kí n lè fi dánra wò kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo gbé ìkòkò kalẹ̀, mo mú ìṣáná. Àfi bí Ìyá Ṣíbí ṣe já wọlé, tó fi igbe ta: "Ọ̀gá, ẹ má ṣáná! Ẹ má ṣáná o!"

Ó gbá ìṣáná dànù lọ́wọ́ mi, ó yí gáàsì pa, ó ń ṣí fèrèsé, ó ń wúkọ́. Rọ́bà gáàsì ti lu, gbogbo ilé ti kún, òórùn rẹ̀ ti dé títì. Èmi wá dúró sáàárín rẹ̀ bí ère.

Nígbà tí a jáde síta, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ò gbọ́ òórùn yẹn ni?"

Mo ní mi ò gbọ́. Mo bá sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó jókòó sórí àpótí ìgò.

"Mo ti fura. Ìkòkò tó jóná nídìí lọ́jọ́sí, ẹ ní ó dáa. Èmi ni mo dà á nù. Mi ò mọ bí mo ṣe máa bi yín ni."

Mo ní mi ò lọ sílé ìtàwé mọ́. Ó ní, "Ẹ ti fẹ̀jẹ̀ sínú tutọ́ funfun tó. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

A jọ lọ. Nígbà tí mo sè é dé ibi tí ìwé ti ní kéèyàn gbóòórùn rẹ̀, mo dáwọ́ dúró. Mo gbójú sókè, mo ní, "Ẹ forí jì mí. Imú mi ń ṣàìsàn, mi ò gbọ́ òórùn ohun tí mò ń sè yìí. Ìyá yìí ló máa bá mi gbọ́ ọ." Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó rò pé àwàdà ni. Ìyá Ṣíbí fa ṣíbí yọ, ó tọ́ ọ wò, ó ní ó ku díẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó ní ó tó. Wọ́n jẹ ẹ́, àwọn kan tiẹ̀ tún bù sí i. Ṣùgbọ́n mo fojú mi rí obìnrin kan tó rọra dá ìwé mi padà sórí pẹpẹ.

Ọ̀rọ̀ náà ti tàn ká. Ìsọ̀ tó ń ta ọjà wa jù lọ ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ wá rí mi ní ọjọ́ Ẹtì, wọn ò sọ ìdí. Ìyá Ṣíbí ló ń tọ́ gbogbo ìkòkò wò báyìí, ó sì ń ṣe é dáadáa, èmi wá ń rìn kiri nínú ilé ìdáná mi bí àlejò. Inú mi fúyẹ́ pé mi ò purọ́ mọ́, àmọ́ àyà mi ò yé já.

Bá mi kí baálé rẹ, kí o fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi. Kí màmá rẹ náà, sọ fún wọn pé kí wọ́n fi mí sí àdúrà. Bí o bá ráyè kí ọjọ́ Ẹtì tó pé, jọ̀ọ́, wá.

Ní òwúrọ̀ yìí, àbíkẹ́yìn mi ní kí n dijú, ó gbé nǹkan sí mi nímú. Mo ní, "Ọsàn ni!" Ó fò sókè, ó pàtẹ́wọ́. Ló bá dúró, ó ń wò mí. Ó ní, "Màámi, ṣé ẹ gbọ́ òórùn ẹ̀ ni, àbí ẹ ti rí i lọ́wọ́ mi kẹ́ ẹ tó dijú?"

Ọ̀rẹ́ mi, mi ò mọ̀.

                                                            Tìrẹ ni mí, lójò lẹ́ẹ̀rùn,
                                                            Ọlọ́bẹ̀.